Bàtà Tó Mọ Nǹkan Lára

Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo ń sọ ṣáá, ẹ má bínú sí mi. Olùkọ́ ni mí, sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nísàlẹ̀ òkè Mápó, ẹnu mi kì í sì í gbẹ bí wọ́n bá ti fún mi láyè. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi mọ̀ mí sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ kí ó fi ọ̀rọ̀ ìjọba parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ tí n kò ní darí rẹ̀ sí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá.

Ìyá kọ́ ló bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Màmá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, bàbá mi sì ń wa tírélà lọ sókè Ọya, nítorí náà Ìyá gbé mi sínú yàrá wọn ní agboolé wa ní Pópó Yemọja, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ń lọ: láti ilé dé Ọjà'ba, láti Ọjà'ba dé Bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún pọ́n òkè Mápó láì mí hẹlẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n á bi í pé ta ló sọ fún un pé àwọn yarọ.

Ẹ̀yìnkùlé agboolé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ fẹ́ràn àwọn ẹranko kéékèèké. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀kùn á máa jáde lẹ́bàá ògiri. Àwọn ọmọ yòókù á máa fi igi gún wọn kí wọ́n lè ká jọ, èmi á da ojú bolẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀kùn kì í gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ti iwájú á gbé, èyí tó tẹ̀ lé e á gbé, á máa lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba orí koríko kọjá. Mo bi Ìyá léèrè pé ta ló ń sọ fún àwọn ẹsẹ̀ náà pé ó kàn wọ́n. Ìyá ní, "Ọlọ́run ni. Dìde nílẹ̀, aṣọ rẹ ń dọ̀tí."

Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì gbé ìbéèrè náà dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ibẹ̀ ni mo ti kà á pé ara ọ̀kùn kì í dúró de orí kí ó tó gbẹ́sẹ̀. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní kókó iṣan tirẹ̀, iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri, èyí iwájú ló sì ń ta èyí ẹ̀yìn jí. Ọjọ́ tí mo kà á, n kò lè jókòó mọ́. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe irú rẹ̀.

Bí ẹ bá gbọ́ róbọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ní kọ̀ǹpútà lórí ni yóò sọ sí yín lọ́kàn, tí kọ̀ǹpútà náà ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tèmi kò lórí. Iṣan nìkan ni mo ń ṣe. Mo ń tú rédíò tó ti kú, mo ń ra òkú fóònù lọ́wọ́ àwọn atúnfóònùṣe ní Bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fi òjé àti irin gbígbóná lẹ ohun tí mo bá rí nínú wọn pọ̀. Ohun kékeré kan á gba iná mànàmáná sára, á dì í mú díẹ̀, á wá tú u sílẹ̀ fún èkejì. Bí èkejì bá ti gbà á, ẹsẹ̀ tirẹ̀ á gbé, á sì jí ẹ̀kẹta. Irin agbòjò tó ti bàjẹ́ ni mo fi ṣe ẹsẹ̀. Sólà tí mo yọ lára tọ́ọ̀ṣì ni mo fi ṣe oúnjẹ rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá ti ràn án ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa nínú agboolé wa, tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, kò ju ibì kan lọ: orí sàréè bàbá bàbá mi láàárín àgbàlá, tí wọ́n fi táìsì tẹ́ lórí. Orí rẹ̀ ni mo ń kó àwọn kòkòrò mi lé. Àbúrò bàbá mi kan fárígá, ó ní mo ń fi aáyán onírin tẹ bàbá àwọn mọ́lẹ̀. Ìyá ló dá a lóhùn láti ibi tí wọ́n ti ń gé ọṣẹ: "Ìwọ tí ìyàwó rẹ ń sá ata síbẹ̀ lójoojúmọ́ ńkọ́? Ṣé Bàbá ní àwọn fẹ́ jẹ ata ni?" Ọ̀rọ̀ parí. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo agboolé ti ń pè mí ní Ìyá Aláayán, èmi tí n kò tíì bímọ.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, ìgbín ni Ìyá fẹ́ràn jù. Mo ṣe é bí ìgbín tòótọ́, ó ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ní ìwo méjì níwájú. Bí nǹkan bá kan ìwo rẹ̀, á fà á sẹ́yìn, á yà kúrò níbẹ̀. Bí o bá gbé nǹkan gbígbóná sún mọ́ ọn, kò ní dúró kí ó kàn án kí ó tó padà. Ìyá á fi ìka kan ìwo ọ̀tún, á fi kan ti òsì, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. "Ó mọ nǹkan lára! Ẹ wá wò ó, irin tó mọ nǹkan lára!" Wọ́n pe gbogbo ilé wá wò ó, inú mi sì dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ń se ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì jóná kanlẹ̀.

Ọjọ́ kan ni mo ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ àgbàlá, kíkán, kíkán, láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá wa. Mo sáré wọlé. Ìyá jókòó, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà.

"Ìyá, ìṣó ti gún yín lẹ́sẹ̀!"

"Ẹsẹ̀ ta?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn bí ẹni tó ń wo ẹrù onílé mìíràn. Ìṣó náà ṣì wà níbẹ̀, ó ti wọ sílípáàsì wọn já. Wọ́n ti gbé e rìn láti Ọjà'ba.

Àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n ti ní in tipẹ́, wọ́n kàn ń fi agbo àti àdúrà tì í sẹ́yìn ni. Ní ọsibítù tí mo gbé wọn lọ, dókítà fi ìdí bírò fa àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, Ìyá kò mọ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọn kò mọ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ṣúgà ti pa àwọn iṣan tó ń ròyìn fún orí. Ẹsẹ̀ náà wà láàyè, ẹnu rẹ̀ ló kú. Bí egbò bá wọ̀ ọ́ tí ẹni tó ni ín kò mọ̀, egbò náà á máa jẹ lọ, àtigé ẹsẹ̀ ló sì ń kẹ́yìn rẹ̀. Ó ní Ìyá kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́, wọn kò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ iná.

Lójú ọ̀nà ilé, èmi àti Ìyá dé Bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dúró, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ohun tó bá wù kí ó ṣẹlẹ̀, wọn ò ní gé mi lẹ́sẹ̀. Odidi ni mo wáyé, odidi ni mo fẹ́ padà. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Inú ń bí mi sí ṣúgà, ó ń bí mi sí agbo, ó sì ń bí mi jù lọ pé ìgbín onírin tó wà lórí sàréè mọ ìgbà tí iná bá sún mọ́ ọn, àmọ́ ìyá tó tọ́ mi kò mọ ìgbà tí ìṣó wọ inú ẹran ara wọn. Mo wá rò ó pé bí iṣan inú bá kú, kí ló dé tí n kò lè ṣe ti ìta? Ohun tí mo ti ń ṣe fún kòkòrò láti ọjọ́ yìí, kí n ṣe é fún ènìyàn.

Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ oṣù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ṣúméékà kan ní Bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin aláwàdà kan. Nígbà tó rí wáyà tí mo fẹ́ kó sínú àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bàtà yìí máa kírun ni àbí ó máa gba fóònù?" Ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Ó gé awọ náà ní ìpele ìpele, ó jẹ́ kí n tẹ́ àwọn ohun tó ń mọ ìgbóná àti ohun tó ń mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ sáàárín, ó wá rán an pa dé. Awọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń dán, ó rẹwà. Èmi tí mo kàn ní kó ṣe bàtà, ó bá mi ṣe bàtà ìyàwó.

Apá kejì, ọwọ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí bí aago. Mo fi ohun kékeré tó ń mú kí fóònù gbọ̀n sínú rẹ̀. Bí bàtà bá tẹ ohun mímú, á ránṣẹ́ sí ọwọ́ láìsí wáyà, ọwọ́ á gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbóná ni, á gbọ̀n kíkankíkan. Mo jókòó ti Ìyá, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, tí mo máa ń rò pé ẹni tó bá mi orí ti gbọ́ mi yé.

"Ìyá, ọwọ́ yín ló máa máa sọ fún yín báyìí. Bí ó bá ti gbọ̀n, ẹ tètè gbé ẹsẹ̀."

"Ọwọ́ ló máa sọ ọ́."

"Ọwọ́ ni, Ìyá."

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e jáde, a gba ìsàlẹ̀ òkè lọ sí Bẹ̀rẹ̀. Níbi tí èrò ti pọ̀ jù lọ ní oríta yẹn, Ìyá ṣàdédé dúró sáàárín títì. Ọlọ́kadà kan tẹ bíréèkì, ó ń bú wa. Ìyá kò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n na ọwọ́ sókè, ojú wọn là bí ojú ọmọ tuntun. "Ó gbọ̀n! Ó gbọ̀n!" Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ bàtà, mo bá òkúta ṣóńṣó kan níbẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú wọn. "Ẹsẹ̀ mi ti padà dé! Ọlọ́kadà, ẹ má bú mi mọ́, ẹsẹ̀ mi ló padà dé!" Ọkùnrin náà wò wá, ó mi orí, ó wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ èyí tó kù. Nígbà tí a dé Ọjà'ba, gbogbo àwọn obìnrin tó ń ta ọṣẹ ló wá fọwọ́ kan bàtà náà. Ìyá ń sọ fún ẹni gbogbo pé ọmọ àwọn ló ṣe é, kì í ṣe òyìnbó, ọmọ tí àwọn tọ́ nínú yàrá àwọn ni. Wọ́n gbàdúrà fún mi títí ojú fi tì mí.

Ìyá fẹ́ràn bàtà náà ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bàjẹ́. Nílé wa, ohun tó bá dára kì í ṣe ohun tí à ń lò. Abọ́ ìtànná wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tí mo fi ń jẹun nínú abọ́ tó ti ṣán létí, títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá. Aṣọ tí wọ́n rà fún ọdún iléyá, ó lè rí ọdún iléyá mẹ́rin kó tó kan ara ènìyàn. Àga tí wọ́n rà sí pálọ̀ kò bọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ṣọ́ọ̀bù títí di òní. Kì í ṣe ahun. Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún nǹkan nìyẹn. Ohun tó rẹwà, òde ni à ń gbé e lọ. Ohun tó bá ti gbó la fi ń jókòó nílé.

Èmi tí mo dàgbà nínú ilé yẹn kò rò ó rí pé Ìyá á ka bàtà yìí mọ́ bàtà ìròde. Bí mo bá ní a ń jáde, wọ́n á ti wọ̀ ọ́. Bí a bá dé, wọ́n á fi aṣọ nù ún, wọ́n á fi ọ̀rá wé e, wọ́n á tì í sínú àpótí tòun ti kaáfúrà, wọ́n á wọ sílípáàsì wọn àtijọ́. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń gbà mí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èmi ò sí nílé láti rí i. Bí mo bá sì dé lálẹ́, mo máa ń rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ láti sinmi ni. Mo máa ń yẹ àtẹ́lẹ̀ bàtà náà wò, n óò rí i pé kò jẹ rárá. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo lọ kí ṣúméékà pé awọ rẹ̀ dára. Mo kí i gan-an.

Èyí tó wà lọ́wọ́ nìkan ni Ìyá kì í bọ́. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru, wọ́n ń wọ̀ ọ́ bí àwọn obìnrin tó lówó ṣe ń wọ aago. Èyí tí mo ń rí nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ọyẹ́ ọdún yẹn mú. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, mo ti lọ sí Bẹ̀rẹ̀ láti wá wáyà, nígbà tí mo sì fi máa padà dé, oòrùn ti là díẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ẹnì kan ń sun ewúrẹ́ ni. Mo wọ àgbàlá, mo rí Ìyá lórí àpótí ìjókòó, wọ́n ti fi ìborùn wé orí, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ kan, wọ́n ń yáná nídìí àdògán eléèédú bí wọ́n ṣe ń yá a láti kékeré wọn. Oorun ti ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì wọn wà lábẹ́ ìjókòó. Ti ọ̀tún ti nà síwájú, ó fara ti ẹnu àdògán níbi tí ẹ̀yinná ti pọ́n.

Mo pariwo, mo fà wọ́n sẹ́yìn, àwa méjèèjì ṣubú. Ìyá lajú, wọ́n ń wò mí tìyanutìyanu.

"Kí ló dé? Kí ló dé tí o fi ń tì mí?"

"Ìyá, ẹsẹ̀ yín ń jó!"

"Kò jó." Wọ́n na ọwọ́ wọn hàn mí. "Wò ó. Mo ń ṣọ́ ọ láti àárọ̀. Kò gbọ̀n rárá."

Mo bi wọ́n léèrè pé bàtà dà.

"Ó wà nínú àpótí. Ṣé bàtà tí o ṣe yẹn ni kí n wọ̀ jókòó sídìí iná, kí eérú bà á jẹ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé àgbàlagbà ni wọ́n ni kò fi yé wọn. Ó yé wọn bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní ọwọ́ ló máa sọ, wọ́n sì tẹjú mọ́ ọwọ́. Kí n tó ṣe bàtà náà, Ìyá kì í sún mọ́ iná mọ́. Látìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀, òkèèrè ni wọ́n ti ń wo àdògán, wọ́n á fara da òtútù. Bàtà mi ló fún wọn láyà. Ọwọ́ tó dákẹ́ sọ fún wọn pé àlàáfíà wà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń sọ ni pé òun kò gbúròó ẹsẹ̀ kankan. Iṣan tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣan inú ara alààyè ń ránṣẹ́ nígbà tí nǹkan kan kò tilẹ̀ ṣe é, ó ń sọ pé mo wà níbí, mo wà níbí. Òun ló jẹ́ pé nínú òkùnkùn, bí o kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ, o mọ ibi tó wà. Mo kọ́ bàtà náà láti kígbe. N kò kọ́ ọ láti sọ pé òun wà níbẹ̀.

Egbò náà kò gbọ́ oògùn. Ó jẹ àwọn ìka, ó gòkè. Nígbà tí dókítà ní àfi kí wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún, mógàjí ilé wa pe ìpàdé sí pálọ̀. Àwọn kan ní kí a gbé Ìyá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo egbò ní Kúdẹtì. Àwọn kan ní ẹni tó ti dàgbà tó báyìí, kí wọ́n fi odidi rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹnì kan kò wò mí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń wò mí. Ìyá jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá kọjú sí èmi tí mo wà nídìí ilẹ̀kùn.

"Ìwọ, bí ó bá jẹ́ ti àwọn kòkòrò rẹ ni, bí ẹsẹ̀ kan bá ń ba ara yòókù jẹ́, kí lo máa ń ṣe?"

Ẹkún ni mo ń sun, ẹkún tó ti inú ikùn wá, níwájú gbogbo àwọn àgbà wọ̀nyẹn.

"Mo ti gbọ́," Ìyá ní. "Ẹ lọ sọ fún dókítà kó gé e."

Nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀yà ara tí wọ́n bá gé kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù. Àbúrò bàbá mi tó bá mi jà nítorí sàréè, òun ló gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì nínú aṣọ funfun, tó gbé e wálé lórí itan rẹ̀ nínú mọ́tò. Àáfà ní a kì í kírun sí i lára, kí a ṣáà bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nínú àgbàlá, níbi tí Ìyá ti máa ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni kí wọ́n sin àwọn sí. Nígbà tí Ìyá ti ọsibítù dé, wọ́n ní kí wọ́n gbé àwọn gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, ó ti lọ bá mi gba àyè sílẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló wọ yàrá lọ.

Àwọn ènìyàn wa mọ bí a ti ń tuni nínú. Wọ́n ní kádàrá ni. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe àtọ̀gbẹ ni, ṣé èmi ni mo fi ṣúgà sí wọn lára ni. Mo máa ń fèsì pé ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n kádàrá tí mo mọ̀ kì í ní wáyà nínú. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Mo ti tún bàtà òsì ṣe báyìí. Bí ó bá wà lẹ́sẹ̀, á máa kan ọwọ́ wẹ́rẹ́ lóòrèkóòrè, bí kò bá sí níbẹ̀, á fi ariwo bọ ẹnu. Ìyá ń wọ̀ ọ́ nínú ilé, ó ti ń họ, eérú ti bà á jẹ́. Ó yẹ kí ìyẹn tù mí nínú.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan nígbà ìsinmi, mo ń to ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi, Ìyá sì wà lórí ẹní. Mo rí i pé wọ́n ń yí ara padà, wọ́n ń pòṣé. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n.

"Ó ń yún mi."

"Níbo, Ìyá?"

Wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n ní, "Àtẹ́lẹsẹ̀. Ti ọ̀tún."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kà nípa rẹ̀. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, nítorí àlàyé ni mo mọ̀ ọ́n ṣe: pé orí kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ, pé àyè rẹ̀ ṣì wà nínú ọpọlọ, pé àwọn iṣan tí wọ́n gé ṣì ń ránṣẹ́. Ìyá fetí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ọjọ́ tó wà níbí, iná ń jó o, kò sọ fún mi. Ó wá lọ tán, ó ń dà mí láàmú." Wọ́n tọ́ka sí bàtà òsì tó wà lẹ́sẹ̀ wọn. "Ìwọ lo mọ bí a ti ń fún ẹsẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èyí tí kò sí mọ́ yìí ńkọ́? Báwo la ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́?"

"N kò mọ̀, Ìyá."

"Ó dáa. Bá mi họ ọ́."

Mo wo ojú wọn bóyá àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ síbi tí ìró wọn ti tẹ́ pẹrẹsẹ, mo sì na ìka mi sórí ẹní.

"Sún sísàlẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Ibẹ̀ yẹn."

Ẹní lásán ni mo ń họ. Ìyá mí kanlẹ̀, wọ́n di ojú, wọ́n ní kí n má tíì ṣíwọ́.